Wọ́n ní ká di ẹsẹ̀ màmá mi le nítorí egbò, ṣé ẹ̀jẹ̀ ò ní há síbẹ̀ báyìí?

Abọ́sẹ̀dé_Gbági

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Aṣọ ni màmá ń tà ní Gbági, wọ́n ti lé ní 60 ọdún, ó sì ti pẹ́ tí egbò kan ti wà lẹ́sẹ̀ òsì wọn, lókè kókósẹ̀, lápá inú. Ara ló ń yún wọn níbẹ̀, wọ́n họ ọ́, ó bó, bó ṣe di egbò nìyẹn. Ó máa ṣe bíi pé ó fẹ́ jinná, tó bá yá á tún là. Omi ń jáde níbẹ̀ débi pé ìró wọn máa ń rin, òórùn ẹ̀ ò dáa, wọn ò tiẹ̀ fẹ́ lọ sóde mọ́ torí ẹ̀, àní ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn, ilé ni wọ́n jókòó sí. Awọ tó yí i ká ti dúdú kirikiri, ó le gbagidi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án.

Kò sí nǹkan tá ò tíì dà sí i. Wọ́n tú kápúsù ampiclox sí i, wọ́n fi GV, wọ́n fi Dettol, ewé tí wọ́n lọ̀, íntìmẹ́ǹtì oríṣiríṣi, abẹ́rẹ́ lóríṣiríṣi. Àwọn ẹbí bàbá wa ní oògùn tí ẹnì kan dà sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n tẹ̀, a ti náwó sórí ìyẹn náà. Wọ́n yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò, kò sí. AA ni wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la wá dé ọ̀dọ̀ dókítà kan tó wo ẹsẹ̀ yẹn dáadáa tó ní egbò kọ́ ni wàhálà wọn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n di báńdéèjì láti ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé abẹ́ orúnkún, kó le, kí wọ́n má sì tú u títí di ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan! Pẹ̀lú egbò tó ń ṣomi bẹ́ẹ̀ yẹn! Màmá ní láéláé, pé ẹ̀jẹ̀ ò ní lọ sísàlẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ á kú. Èmi náà ò mọ èwo ni ṣíṣe torí ohun témi mọ̀ ni pé téèyàn bá so okùn le mọ́ ọmọ ìka, ìka yẹn á wú á sì dúdú. Ṣé ẹnì kankan nínú yín ti ṣe é rí? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n lọ gbàdúrà o, àdúrà ń lọ lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Àǹtí Abọ́sẹ̀dé, ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ilé dé ilé ni mí ní London níbí, ẹsẹ̀ ni mò ń wò láàárọ̀ dalẹ́, mi ò sọ àsọdùn. Ohun tí dókítà yẹn sọ fún yín, òun gan-an ni ìtọ́jú ẹ̀, gbogbo èyí tẹ́ ẹ ti ń dà sí i látọjọ́ yìí, ẹ ń nu ilẹ̀ nígbà tí òrùlé ṣì ń jò ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ kẹ́ ẹ lè ṣàlàyé fún màmá. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ padà gòkè lọ sínú ọkàn, ohun tó sì ń tì í gòkè jù ni ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun, torí téèyàn bá ń rìn, ẹran yẹn á máa fún iṣan pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á lọ sókè, fáàfù kéékèèké tó wà nínú iṣan á wá pa dé kó má bàa ṣàn padà. Tí fáàfù yẹn bá ti bàjẹ́, bóyá nítorí oyún tó pọ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan lẹ́yìn ìbímọ nígbà kan, tàbí ìdúró àti ìjókòó lọ́jà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tàbí sísanra, tàbí kó jẹ́ pé ó wà nínú ẹbí, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn padà sísàlẹ̀ á dúró sí ọrùn ẹsẹ̀. Omi inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ẹran, ẹsẹ̀ á wú nírọ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀ náà á jò díẹ̀díẹ̀, irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń sọ awọ di dúdú bí ẹ ṣe ń rí i yẹn. Awọ bẹ́ẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, èékánná lásán á bó o. Ibi tẹ́ ẹ júwe yẹn náà, lókè kókósẹ̀ lápá inú, ibẹ̀ gan-an ló máa ń yọ sí jù. Ẹ sọ fún àwọn ẹbí bàbá yín pé kò sẹ́ni tó da nǹkan kan sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù.

Wàyí o, ìbéèrè màmá, ṣé ẹ̀jẹ̀ ò ní há? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Iṣan ẹ̀jẹ̀ oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti inú ọkàn lágbára, ẹ rántí nọ́ńbà tí wọ́n máa ń pè tí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lápá, 120 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Báńdéèjì yìí, tí wọ́n bá dì í dáadáa, nǹkan bíi 40 ló ń tẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀, ní òṣùwọ̀n kan náà yẹn, tó bá fi máa dé abẹ́ orúnkún ó ti dẹ̀ dáadáa. 40 ò lè dá 120 dúró. Ṣùgbọ́n ó tó láti fún iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà pọ̀ kí fáàfù tó ti ya ẹnu sílẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Okùn tẹ́ ẹ so mọ́ ìka, ibì kan ṣoṣo ló ti dì í, ohun tó wà níwájú ẹ̀ á há. Báńdéèjì yìí, láti ìdí ìka ló ti bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló le jù, òkè ló dẹ̀, ibo lẹ̀jẹ̀ fẹ́ há sí? Òkè náà ló máa lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín kẹ́ ẹ tó jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dì í: ṣé wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ màmá? Mo ní ẹsẹ̀ o, kì í ṣe apá nìkan. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Doppler, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì sí i, ẹ máa gbọ́ ohùn ẹ̀jẹ̀ fọ́ọ̀ fọ́ọ̀, wọ́n á fi iye tapá pín iye tẹsẹ̀. Tó bá wà láàárín 0.8 sí 1.3, ẹ dì í. Tó bá wà láàárín 0.5 sí 0.8, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nìkan ló lè dì í, kò sì gbọdọ̀ le. Tó bá kéré sí 0.5, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni di nǹkan kan mọ́ ọn.

Dúpẹ́Olúwa22

Mò ń tẹ̀ lé e. Ìyá ọkọ mi náà ní irú ẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ẹ ṣọ́ra o. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọ́n dì í fún wọn níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n kàn rí egbò wọ́n fa báńdéèjì yọ, wọn ò wọn nǹkan kan. Kílẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti ń ké, a pè wọ́n, wọ́n ní ká ní kí bàbá mú un mọ́ra, bó ṣe máa ń ṣe ni. Ìgbà tá a fi tú u, ìka ẹsẹ̀ ti ń dúdú ó tutù nini. Ibòmíì tá a gbé wọn lọ ni wọ́n ti ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá gan-an ló ti dí, sìgá àti ìtọ̀ ṣúgà ló fà á. Wọ́n gé ìka. Torí náà kí màmá má jẹ́ kí wọ́n fi ohun ìgbàlódé ba ẹsẹ̀ wọn jẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Ẹ pẹ̀lẹ́ bọ̀dá, Ọlọ́run á fún bàbá lókun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn yìí gan-an ló jẹ́ kí n máa pariwo Doppler. Egbò ti bàbá ò jọ ti màmá Abọ́sẹ̀dé, tiwọn, ẹ̀jẹ̀ ni ò dé ẹsẹ̀, ti màmá, ẹ̀jẹ̀ dé, kò rí ọ̀nà lọ ni. Ẹni tó bá dì í láìwọ̀n ọ́n ló jẹ̀bi, báńdéèjì ò jẹ̀bi. Kí n sì fi kún un pé fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, iṣan ẹ̀ lè ti le gan débi pé nọ́ńbà yẹn á ga kọjá 1.3, ẹni tí ò mọ̀ á rò pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ dáadáa. Wọ́n gbọ́dọ̀ wo ìyẹn lọ́nà míì.

Àmì tẹ́ ẹ máa wò tí wọ́n bá ti dì í rèé, torí awọ tiwa dúdú, pípọ́n tí ìwé òyìnbó ń sọ kì í hàn lára wa. Èékánná ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ tẹ èékánná àtàǹpàkò, á funfun, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀, ó yẹ kí àwọ̀ ẹ̀ padà kíákíá. Tí kò bá padà, tí ìka bá tutù, tó bá kú tìpẹ̀, tàbí tí ìrora bá ń le sí i lóru pàápàá tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ìrora díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ á wà o, mi ò ní purọ́ fún yín, egbò fúnra ẹ̀ ń dunni. Èyí tó ń pọ̀ sí i ni ẹ bẹ̀rù.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì_Iléṣà

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti wọ̀ ọ́ sọ̀rọ̀. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdúró níwájú pátákó láti àárọ̀ dé ọ̀sán ló bá ẹsẹ̀ mi jẹ́. Egbò tèmi tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ó sì ti gbó. Báńdéèjì ló wò ó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kò dùn, torí omi tó ń jáde máa ń pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, òórùn á wà, wọ́n ń tú u lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kí wọ́n tó wá bọ́ sí ẹ̀ẹ̀kan, torí náà àǹtí wa, ẹ sọ fún dókítà pé omi ẹ̀ pọ̀, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún màmá náà. Tí wíwú bá ti lọ sílẹ̀ omi á dínkù, ẹ máa rí i pé ìró ò rin mọ́.

Ooru ńkọ́? Ooru wà. Oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, kí Ọlọ́run ṣàánú fúnni. Yíyún ẹ̀ ló le jù, ẹ rí mi, mo ti yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan kúrò lára ọwọ̀ tí mo fẹ́ kì bọ abẹ́ báńdéèjì, ọmọ mi ló já a gbà. Ẹ má ṣe é o, egbò tuntun nìyẹn. Tí mo bá fẹ́ wẹ̀, láílọ́ọ̀nù ńlá ni mo máa ń kì bọ ẹsẹ̀ dé orúnkún, mo á fi rọ́bà so ẹnu ẹ̀, mo á gbé ẹsẹ̀ yẹn lé àpótí lẹ́bàá garawa. Bàtà ò ní wọ̀ mọ́ọ̀yàn lẹ́sẹ̀, ẹ wá sálúbàtà tó fẹ̀ tó ní okùn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra.

Nígbà tó jinná tán, dókítà ní kí n máa wọ ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ títí ayé. Títí ayé! Mo ní kí ló dé, ó ti jinná. Ó ní awọ ló jinná, fáàfù ò jinná. Àwọn tó ń dà á nù ni egbò ń padà wá bá. Ìbọ̀sẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ bá ti rìn kiri kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ ẹsẹ̀ á ti wú, á di ìjàkadì. Mo máa ń kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́, ìbọ̀sẹ̀ á yọ̀ lórí ẹ̀, mo á wá fa láílọ́ọ̀nù yọ níwájú. Ìbọ́wọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ abọ́ náà dáa fún fífà á sókè. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má sá a sóòrùn gangan, tó bá sì ti tó oṣù mẹ́fà ẹ ra òmíì torí á ti dẹ̀.

Ẹlẹ́wé_Òṣogbo

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ báńdéèjì báńdéèjì, oyin ńkọ́? Oyin ìgàn gidi, tí kì í ṣe èyí tí wọ́n po ṣúgà mọ́, mo ti rí i tó wo egbò tí dókítà ti sú. Àwọn bàbá wa ò ní báńdéèjì, wọ́n ń wo egbò sàn.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Ìyá mi, ẹ kú ọgbọ́n o, mi ò bá oyin jà. Oyin tí wọ́n ṣe fún egbò wà ní ọsibítù níbí pàápàá, a ń lò ó fún àwọn egbò kan. Ṣùgbọ́n fún egbò iṣan yìí, àwọn ará New Zealand ti dán an wò, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2008, èèyàn 368, gbogbo wọn ni wọ́n di báńdéèjì tó ń fúnni fún, wọ́n wá fi oyin sábẹ́ ti àwọn kan, wọ́n fi ohun tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ sábẹ́ ti àwọn yòókù. Ní oṣù mẹ́ta kò sí ìyàtọ̀ gidi kan láàárín wọn. Ohun tó wà lábẹ́ kọ́ ló ń wò ó, ohun tó ń fún un ni. Fún ìdí kan náà ni mi ò ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ máa tú kápúsù sí i mọ́, Àǹtí Abọ́sẹ̀dé, ẹ̀yin àti màmá, kòkòrò á kàn mọ oògùn yẹn lójú, awọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí i. Tí ibẹ̀ bá gbóná, tó wú sí i, tí ara màmá ń gbóná, ìgbà yẹn ni oògùn kòkòrò kàn, ẹnu ni wọ́n á sì gbà lò ó.

Káyọ̀dé_SS

Kí n kàn sọ pé kì í ṣe gbogbo egbò ọrùn ẹsẹ̀ ni tiṣan o. Àwa SS náà máa ń ní in níbẹ̀ gan-an, ìtọ́jú tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ dúpẹ́ pé màmá jẹ́ AA.

Abọ́sẹ̀dé_Gbági

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun gan-an, mo ti ka gbogbo ẹ̀ sétí màmá, ibi 40 àti 120 yẹn ló wọ̀ wọ́n létí. A lọ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ òní, 1.05. Dókítà ní ó dáa. Ọ̀rọ̀ wá kù sí owó. Báńdéèjì onípele mẹ́rin wọ́n jù, wọ́n sì ní tí wọ́n bá tú u wọ́n á dà á nù. Ṣé mi ò lè ra kírépù báńdéèjì lásán ní kẹ́míìsì kí n máa di í fún wọn nílé?

Nọ́ọ̀sì_Peckham

1.05! Ẹ kú oríire. Kírépù lásán ò tó o, ó máa ń dẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, màmá á kàn gbé e kiri ni. Ìpele mẹ́rin yẹn, ọsibítù Charing Cross ní London níbí ni wọ́n ti gbé e kalẹ̀ ní nǹkan bíi 1980 sí 1990, òwú ló wà nísàlẹ̀, kírépù lé e, èyí tó ń fà lé e, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ra lókè pátápátá. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló wà. Ẹ béèrè èyí tí kì í fà púpọ̀, short-stretch ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ṣe é fọ̀, wọ́n á tún un lò. Tàbí ìbọ̀sẹ̀ onípele méjì, wọ́n fi wé ìpele mẹ́rin níbí nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2014, 99 ọjọ́ sí 98 ọjọ́ ni kí egbò tó jinná, ẹ ò rí i pé ọ̀kan náà ni. Egbò tó kéré tí omi ẹ̀ ò pọ̀ ni ìbọ̀sẹ̀ dáa fún, ti màmá, ẹ fi báńdéèjì bẹ̀rẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó yí sí i.

Ẹ má dì í fúnra yín kí nọ́ọ̀sì tó kọ́ yín lójú ara ẹ̀. Kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ bí ẹni tó dúró, kó má nà síwájú. Òwú kọ́kọ́, kó nípọn lórí ojúgun àti kókósẹ̀ torí egungun yọ níbẹ̀, báńdéèjì á jẹ awọ ibẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìdí ìka, ẹ yí i ká ọrùn ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ má yọ síta, ẹ jẹ́ kí ìyípo kọ̀ọ̀kan bo ìdajì èyí tó ṣáájú, kí fífà ẹ̀ dọ́gba títí dókè, ẹ má fà á le jù nígbà tẹ́ ẹ bá dé abẹ́ orúnkún torí ibẹ̀ ló máa há gan-an tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, ẹsẹ̀ tó bá tín-ín-rín, báńdéèjì kan náà á tẹ̀ ẹ́ ju ẹsẹ̀ tó sanra lọ. Ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 18, wọ́n á fi òwú kún un kí wọ́n tó dì í.

Kí màmá máa rìn. Tí wọ́n bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹsẹ̀ má fì sílẹ̀, kí wọ́n gbé e lé àpótí, kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ sókè sílẹ̀ bí ẹni ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Lóru, kẹ́ ẹ ki bíríkì sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kí ẹsẹ̀ lè ga ju àyà lọ.

Tí apá bá ti ká a díẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní UCH bóyá wọ́n lè dí iṣan tó bàjẹ́ yẹn pa. Wọ́n dán ìyẹn wò níbí lára èèyàn 450, èsì ẹ̀ jáde ní 2018, àwọn tí wọ́n tètè dí iṣan wọn pẹ̀lú báńdéèjì, 56 ọjọ́ ni egbò tiwọn fi jinná, àwọn tí wọ́n fi báńdéèjì nìkan bẹ̀rẹ̀, 82. Tí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá lórí báńdéèjì gidi tí egbò ò sún, tàbí tí etí ẹ̀ bá ń ga sókè, kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, torí egbò tó bá pẹ́ púpọ̀ lè yí padà di jẹjẹrẹ.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì_Iléṣà

Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ yẹn fún wọn tẹ́ ẹ sọ fún mi lọ́jọ́sí.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Ẹ̀ẹ́n, Leg Club. Nọ́ọ̀sì kan, Ellie Lindsay, ló dá a sílẹ̀ ní Suffolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ní 1995. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti àdúgbò ni wọ́n ń lò, gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ egbò á wá, wọ́n á jọ wẹ ẹsẹ̀, wọ́n á di í fún wọn, wọ́n á mu tíì, wọ́n á ṣòfófó. Ẹni tó ti ń fi ẹsẹ̀ pamọ́ tẹ́lẹ̀ á rí i pé òun nìkan kọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí tá a ní n'Ìbàdàn yẹn, èwo ni ò ní gbọ̀ngàn àti garawa nínú wọn? Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì kún ibẹ̀ pẹ̀lú.

Abọ́sẹ̀dé_Gbági

Màmá ní kí n bi yín, ṣé wọ́n lè wọ ìró lé e lọ síbi àríyá tí wọ́n bá dì í tán?

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Kí wọ́n wọ̀ ọ́ jàre, kí wọ́n sì jó, jíjó dáa fún un ju ìjókòó lọ. Láàárọ̀ kùtù, kí ẹsẹ̀ tó wú, ẹ fi tépù wọn ọrùn ẹsẹ̀ wọn yíká níbi tó tín-ín-rín jù lókè kókósẹ̀, àti ẹ̀yìn ojúgun níbi tó sanra jù, àti gígùn ẹ̀ láti ilẹ̀ dé abẹ́ orúnkún, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ẹ̀ síbí. Ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ wálé lópin oṣù, mo fẹ́ fi short-stretch méjì rán an sí màmá.